Owó Kòkó, Owó Epo, Owó Tẹ́tẹ́: Láti Anthony Dé Adámásingbà

Ọ̀rọ̀ pápá bọ́ọ̀lù la gbé wá lónìí, àti ti tọkọtaya tó bá fẹ́ fi mọ́tò ara wọn kiri àwọn pápá náà.

Ní Amẹ́ríkà, irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun. Eré kan tí wọ́n fẹ́ràn níbẹ̀ ni baseball: ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré, ẹnì kejì á fi igi gbá a lọ jìnnà, á sì sáré yí pápá ká kí wọ́n tó dá bọ́ọ̀lù náà padà. Ẹgbẹ́ 30 ló wà ní líìgì tó ga jù. 29 nínú wọn wà ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan tó kù wà ní Toronto, ní Kánádà. Bí ìgbà ooru bá dé, àwọn lọ́kọláya mìíràn á di ẹrù sínú bùùtù, wọ́n á máa wa mọ́tò láti ìlú dé ìlú, ó dìgbà tí wọ́n bá jókòó nínú gbogbo pápá 30 náà tán. Wọ́n á dé Fenway Park ní Boston, tí wọ́n ṣí ní 1912. Wọ́n á dé Wrigley Field ní Chicago, tí wọ́n ṣí ní 1914. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé ìdíje 162 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá ní sáà kan, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ nílé. Ìlú yòówù kí wọ́n wọ̀, wọn kì í pẹ́ bá eré pàdé. Àwọn ará England náà ò gbẹ́yìn. Àwọn tó ti wo bọ́ọ̀lù nílé gbogbo ẹgbẹ́ 92 tó wà ní líìgì mẹ́rin àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ wọn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1978, Ninety-Two Club ni wọ́n pè é.

Àwa ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká fi inú ro tọkọtaya kan ní Anthony Village, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ wa níbí ní Èkó. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní Bàbá Ìbejì àti Ìyá Ìbejì. Bàbá Ìbejì mọ pápá Emirates àti Old Trafford ní England bí ẹni mowó, bẹ́ẹ̀ orí tẹlifíṣàn ni gbogbo ìmọ̀ náà ti wá. Ni ìyàwó rẹ̀ bá bi í lọ́jọ́ kan pé, “Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ ti wọ pápá Òníkan lọ wo bọ́ọ̀lù rí?” Ọkùnrin náà ní òun ń bọ̀, òun fẹ́ lọ da epo sí jẹnẹrétọ̀. Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín, nítorí iná wà.

Wọn ò lè ṣe ìrìn tiwọn bí ti Amẹ́ríkà. Líìgì àgbà ilẹ̀ wa, NPFL, ẹgbẹ́ 20 ló wà níbẹ̀. Ìdíje 38 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá, 19 péré ló jẹ́ nílé, òpin ọ̀sẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn sì máa ń bọ́ sí. Ọ̀sẹ̀ kan, pápá kan ni, bí kò bá tilẹ̀ jùyẹn lọ. Àmọ́ èrè mìíràn wà nínú tiwa. Pápá tẹ́ ẹ bá dé, ẹ ṣáà béèrè pé owó wo ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹ ó gbọ́ ohun tí ilẹ̀ yìí ń jẹ nígbà náà, ẹ ó sì gbọ́ ìdí tí pápá náà fi rí bó ṣe rí lónìí.

Ẹni tó bá ń gbé ní Anthony ò níṣòro ọ̀nà. Ibẹ̀ ni Ìkòròdú Road ti pàdé títì tó ń bọ̀ láti Apápá lọ sí Ọ̀wọ́rọ̀ńṣókí. Kọ́ndọ̀ kan á máa ké “Ọ̀ṣọ́dì, Ọ̀ṣọ́dì!”, èkejì á máa ké “Ojúẹlẹ́gba, Stadium!”, ẹni tó fẹ́ wọ Erékùṣù Èkó á forí lé Gbàgádà. Apá Gbàgádà yìí ni tọkọtaya wa kọ́kọ́ yà sí, wọ́n gba Ọ̀wọ́rọ̀, wọ́n gun Third Mainland Bridge tí Ọ̀gágun Babangida ṣí ní 1990, ó di Òníkan.

Òníkan ló dàgbà jù nínú gbogbo wọn. Ayé òyìnbó amúnisìn ni wọ́n ṣe é, ní àwọn ọdún 1930, wọ́n sì fi ọba Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́: King George V Stadium. Àwọn àgbà Èkó ò ráyè orúkọ gígùn, KGV ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn òmìnira, orúkọ ọba lọ, nígbà tó yá, orúkọ àdúgbò dé. Ní 2019 ni Mobọ́lájí Johnson papòdà, ẹni tó jẹ́ gómìnà ológun àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó láti 1967 sí 1975, ìjọba ìpínlẹ̀ sì fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá náà. Mobolaji Johnson Arena ló wà lára ògiri báyìí, àmọ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún awakọ̀ kan kẹ́ ẹ wò ó, á ní, “Ṣé Òníkan lẹ̀ ń lọ ni?”

Pápá kékeré ni, nǹkan bí 10,000 èèyàn ló lè gbà. Adùn rẹ̀ nìyẹn. Láti orí ìjókòó, ẹ ó gbọ́ bí aṣọ́lé ṣe ń pariwo mọ́ àwọn tó ń dí ẹ̀yìn, ẹ ó gbọ́ bí bàtà ṣe ń ró lára bọ́ọ̀lù. Tẹlifíṣàn kì í gbé ìyẹn wá. Ibẹ̀ ni Sporting Lagos fi ṣelé, ẹgbẹ́ tí Ṣọlá Akínlàdé, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ilé iṣẹ́ Paystack sílẹ̀, gbé kalẹ̀ ní 2022. Ní 2023 wọ́n gòkè sí NPFL, ní 2024 wọ́n já bọ́. Bí wọ́n ṣe ń já bọ́ ni Ikorodu City ń gòkè, Òníkan náà ni àwọn yẹn sì ń lò.

“Ṣé Ìkòròdú wa yìí náà ni?” Ìyá Ìbejì béèrè.

“Àwọn náà ni. Àwọn tó jẹ́ pé Mile 12 la fi ń dé ọ̀dọ̀ wọn.”

“Ẹ wá jẹ́ kí n pariwo fún wọn nígbà náà.” Ó sì pariwo.

Bí réfírì bá ti fọn fèrè ìparí, kí wọ́n má tíì sá lọ. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni J.K. Randle Centre wà, ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá tí wọ́n ṣí ní 2023, níbi tí wọ́n ti kọ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ fún àwọn ará Èkó láyé òyìnbó. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ náà ò jìnnà síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Tafawa Balewa Square, tí í ṣe pápá eré ẹṣin nígbà kan, níbi tí wọ́n ti fa àsíá Nàìjíríà sókè ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Sùúrùlérè ni. Ọ̀nà ibẹ̀ ò nílò àlàyé: Ọbáníkòró, Palmgrove, Onípàánu, Fádèyí, Jíbówú, Ojúẹlẹ́gba. Ibùdókọ̀ tí wọ́n máa bọ́ sí, Stadium ni wọ́n ń pè é, láìfi orúkọ kankan kún un.

Ogun abẹ́lé parí ní oṣù kìíní ọdún 1970. Owó epo rọ̀bì sì ń wọlé bí òjò. Ìjọba Gowon fẹ́ kí gbogbo Áfríkà wá wo Nàìjíríà tó ti fọwọ́ sowọ́ pọ̀, ni wọ́n bá kọ́ National Stadium sí Sùúrùlérè, wọ́n sì gba àlejò ìdíje eré ìdárayá gbogbo ilẹ̀ Áfríkà ẹlẹ́ẹ̀kejì síbẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1973. Nàìjíríà na Guinea ní 2–0, wọ́n gba wúrà bọ́ọ̀lù.

Èyí tí àwọn àgbà ò lè gbàgbé ni ti ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹta ọdún 1980, àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfríkà, Nàìjíríà àti Algeria. Bọ́ọ̀lù ò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́ta nílẹ̀ tí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ti gbá a sáwọ̀n. Ó tún gbá èkejì wọlé kí wọ́n tó lọ sinmi. Múdà Lawal fi ẹ̀kẹta tì í. Ààrẹ Shagari wà níbẹ̀, Christian Chukwu sì gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gba ife náà nìyẹn. Ẹ fi orúkọ Ọdẹ́gbàmí àti Lawal sápò, a óò tún bá wọn pàdé níwájú.

Ẹkún náà wà nínú pápá yẹn. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹjọ ọdún 1989, Samuel Okwaraji, lọ́yà tó tún jẹ́ agbábọ́ọ̀lù, ṣubú lórí pápá nígbà tí Nàìjíríà ń bá Angola jà fún àǹfààní Ife Àgbáyé, kò sì dìde mọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2000, àṣekágbá ife Áfríkà tún dé Sùúrùlérè, Nàìjíríà àti Cameroon gbá ọ̀mì 2–2, ó di pẹnárítì. Bọ́ọ̀lù Victor Ikpeba lu irin òkè, ó balẹ̀ lẹ́yìn ìlà, réfírì ní kò wọlé. Cameroon gbé ife lọ. Ẹ dárúkọ Ikpeba ní ìsọ̀ gẹ̀rígẹ̀rí èyíkéyìí ní Kétu lónìí, irun onítọ̀hún lè má parí gígẹ̀ kí àríyànjiyàn tó tán.

Owó epo kan náà ló kọ́ pápá ńlá mìíràn sí Àbújá, tí wọ́n ṣí ní 2003. Àtìgbà náà ni Sùúrùlérè ti di ilé tí onílé kó kúrò níbẹ̀. Koríko gbẹ, àwọn ìjókòó fọ́, ilé ọtí yí i ká, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá tí Super Eagles ò gbá bọ́ọ̀lù síbẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ rí i pé apá ò ká a mọ́, wọ́n rọ àwọn olówó kí wọ́n gba pápá tọ́jú. Ẹni tó gba ti Sùúrùlérè ni Olóyè Kessington Adébùtú, ọmọ Ìpẹru Rẹ́mọ, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Ìjẹ̀bú nídìí iṣẹ́ tẹ́tẹ́. Pápá tí owó epo kọ́, owó tẹ́tẹ́ ló bọ́ sí i lára.

Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni Teslim Balogun Stadium, ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó. Gbọ́láhàn Mudashiru, gómìnà ológun, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1984. Ìjọba dé, ìjọba lọ, sìmẹ́ǹtì àti irin dúró síbẹ̀ nínú òjò àti oòrùn, ọdún 2007 ló tó parí. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ti lè gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì. Tẹslim Balógun tí wọ́n fi sọ ọ́ wà lára àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà tó lọ England ní 1949, tí púpọ̀ nínú wọn gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà. “Thunder” ni wọ́n ń pè é nítorí bí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ṣe ń dún. Ní 1955 ó wọ ẹgbẹ́ Peterborough United, ó sì wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ jẹun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ó wá ku ọ̀nà jíjìn, ti Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìbàdàn. Ìyá Ìbejì ní ṣé kì í ṣe ọkọ̀ ojú irin ló yẹ kí àwọn wọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní láárí: ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ti ń ṣiṣẹ́ láti 2021, láti ibùdó Mobọ́lájí Johnson ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà dé ibùdó Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọ́níyà. Orúkọ tó wà lára pápá Òníkan àti èyí tó wà lára pápá Òkè-Àdó ní Ìbàdàn náà ló wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì rélùwéè yìí. Àmọ́ ọkọ̀ ojú irin ò lè yà sí Ìkẹ́nnẹ́, Ìkẹ́nnẹ́ sì ni Bàbá Ìbejì ń fẹ́. Wọ́n jí ní kùtù hàì, wọ́n gba Maryland, Ọjọ́tà, Berger, wọ́n bọ́ sórí títì Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978. Kílómítà 127 ni gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ tó bá dáa, wákàtí méjì tó o. Ọjọ́ tí Kárà bá dí, ẹ gbé oúnjẹ dání.

Ní Ṣàgámù ni wọ́n ti yà, wọ́n gba apá Ìlíṣàn, wọ́n wọ Ìkẹ́nnẹ́. Ìlú kékeré ni, òun sì ni ìlú tí wọ́n ti bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1909, níbi tí ibojì rẹ̀ wà títí dòní. Àwọn ará Ìkòsì àti Kétu yóò dá ẹni tó ni pápá ibẹ̀ mọ̀. Kúnlé Soname ni, alága ìjọba ìdàgbàsókè Ìkòsì-Ìṣẹrì nígbà kan, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ Bet9ja sílẹ̀. Ní 2015 ó ra ẹgbẹ́ Feirense ní ilẹ̀ Potogí. Ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ni Remo Stars.

Pápá yìí kò tóbi rárá, ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ ó wo gbogbo rẹ̀ yí ká. Àmọ́ ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, koríko rẹ̀ rí bíi pé ẹnì kan ń sùn tì í. Níbẹ̀ ni Remo Stars, tí Daniel Ògúnmọ́dẹdé jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nígbà náà, ti gba ife líìgì fún ìgbà àkọ́kọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2025, nígbà tí ìdíje mìíràn ṣì kù nílẹ̀. Látìgbà tí Julius Berger ti Èkó ti gbà á ní 2000, kò sí ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yorùbá kankan tó tún fọwọ́ kàn án. Ọdún 25 gbáko! Ìlú ńláńlá wà, gómìnà wà, àwọn ẹgbẹ́ tí ìjọba ń bọ́ wà, Ìkẹ́nnẹ́ ni ife gba lọ.

Bàbá Ìbejì ní ìyẹn fi hàn pé kí ìjọba gbé ọwọ́ kúrò nínú bọ́ọ̀lù. Ìyàwó rẹ̀ ò gbà. Ó ní, “Bí owó tẹ́tẹ́ bá wá gbẹ lọ́la ńkọ́? Ṣé ẹ ò rí i pé owó àwọn tó ń pàdánù ni?” Àwọn méjèèjì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí wọ́n rí òrùlé dídípẹtà Ìbàdàn.

Ní Òkè-Àdó, wọ́n dúró níwájú pápá tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn kọ́, tí wọ́n ṣí ní 1960 lórúkọ Liberty Stadium. Owó kòkó nìyí. Ìjọba kan náà ló dá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ wa. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1963, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ọmọ Igbo, Dick Tiger, kojú Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà nínú pápá yẹn, nítorí bẹ́líìtì àgbáyé. Irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ní Áfríkà. Àwọn méjèèjì ti jà á sí ọ̀mì ní Las Vegas ṣáájú ìgbà náà lọ́dún kan náà. Ní Ìbàdàn, nígbà tí abala keje parí, àwọn tó ń tọ́jú Fullmer ní ó tó, kò lè jáde fún ìkẹjọ. Ní 2010 ni Ààrẹ Jonathan sọ pápá náà ní Obafemi Awolowo Stadium. Ìjọba agbègbè tó kọ́ ọ ti kógbá wọlé tipẹ́, ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ohun tó sì ṣe Sùúrùlérè náà ló ṣe é.

Ni wọ́n bá gba àárín ìlú lọ sí Adámásingbà, Lekan Salami Stadium, ilé Shooting Stars. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ni ín. Lekan Salami tí wọ́n fi sọ ọ́ jẹ́ olóyè Ìbàdàn tó fi ara àti owó sin ẹgbẹ́ yìí. Láti òde ni ẹ ti máa gbọ́ kàkàkí àti ìlù. Obìnrin kan gbé gúgúrú àti ẹ̀pà sórí, ó ń gba àárín àwọn tó tò sẹ́nu ọ̀nà kọjá. Ọmọkùnrin kan ń ta gálà. Òmíràn so fìlà aláró méjì mọ́ igi, ó ń pè é ní ojúlówó. Ẹni tó bá sì jókòó síwájú àgbà Ìbàdàn kan níbẹ̀ kò ní wo bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà nìkan. Bí àwọn ọmọ bá ṣi bọ́ọ̀lù gbá, bàbá á mí kanlẹ̀, á ní Múdà Lawal ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

Kò sì purọ́. Ní 1976, nígbà tí wọ́n ń jẹ́ IICC Shooting Stars, tí Sam Òjẹ̀bọ̀dé jẹ́ balógun wọn, ẹgbẹ́ yìí gba ife àwọn olúborí-ife ilẹ̀ Áfríkà lórí Tonnerre ti Yaoundé. Kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà tó gba ife Áfríkà rí ṣáájú wọn. Ọdẹ́gbàmí àti Lawal, àwọn tó gbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé ní Sùúrùlérè ní 1980, ọmọ ẹgbẹ́ yìí làwọn méjèèjì. Mẹkáníìkì ni Lawal kí bọ́ọ̀lù tó gbé e. Ìdíje ife Áfríkà márùn-ún ló gbá, láti 1976 dé 1984. Ó kú ní 1991. Ní 1992, Shooting Stars tún gba CAF Cup, lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ dá a sílẹ̀. Wọ́n gba líìgì kẹ́yìn ní 1998.

Aago mẹ́rin ni bọ́ọ̀lù sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tó bá fi parí, aago mẹ́fà ti ń lọ lù. Àwọn tó mọ títì Èkó sí Ìbàdàn lálẹ́ á gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n sùn, kí wọ́n jẹ àmàlà, kí wọ́n gbéra láàárọ̀.

Nídìí àmàlà ni wọ́n ti ń ṣètò èyí tó kù. Bàbá Ìbejì fẹ́ Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta, nítorí pápá MKO Abíọ́lá, ẹni tí ẹgbẹ́ Abiola Babes tó dá sílẹ̀ gba Challenge Cup ní 1985 àti 1987. Ìyá Ìbejì ní Adó-Èkìtì ló kàn, níbi tí wọ́n ti fi Olúyẹmí Káyọ̀dé sọ pápá, ọ̀kan nínú àwọn sáré-sáré tó gba fàdákà fún Nàìjíríà ní Barcelona ní 1992, tó sì kú nínú ìjàǹbá mọ́tò ní Amẹ́ríkà ní 1994. Ọkọ ní Adó jìn. Ìyàwó ní òun náà lè wa mọ́tò, kí ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ibi tí àkókò gbà wá dé nìyí. Ẹ tẹ́tí sí ìkéde ìdíje ọ̀sẹ̀ yìí nínú ìròyìn eré ìdárayá tó tẹ̀ lé ètò yìí, kẹ́ ẹ lè mọ pápá tó sún mọ́ yín tí wọ́n ti máa gbá bọ́ọ̀lù.